Ẹ̀gà Pupa, Ẹ̀gà Dúdú àti Igbe Orí Ọ̀pẹ

Nígbà tí Olójèdé adẹ́mu kú, igbó ọ̀pẹ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Adéàgbo ni ẹ̀gbọ́n, Ọláifá ni àbúrò. Ìyá kan kọ́ ló bí wọn, ṣùgbọ́n imú tó wà lójú èkíní náà ló wà lójú èkejì. Ọ̀pẹ inú igbó náà pọ̀ débi pé ọ̀bọ tó bá gun èyí tó wà létí ọ̀nà lówùúrọ̀, ó di ọjọ́ kẹta kó tó tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Síbẹ̀, Adéàgbo ní ibẹ̀ kò gba ẹni méjì.

Ká sòótọ́, ọ̀pẹ kọ́ ló ń dà á láàmú. Igbe ni. Lábúlé wọn, adẹ́mu kì í gé nǹkan lórí ọ̀pẹ láìké. Yóò kọ́kọ́ ké, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè yà, kí ẹni tó fẹ́ ra ẹmu sì mọ ìdí ọ̀pẹ tí òun yóò gbà lọ. Olúkúlùkù ló ní igbe tirẹ̀. Ti Adéàgbo kúrú bí ìrù ewúrẹ́: “Ẹ yà o. Adéàgbo ni.” Ó parí. Ṣùgbọ́n bí Ọláifá bá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, yóò ki ọ̀pẹ, yóò ki ìyá tó bí ọ̀pẹ, yóò ki afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i lára. Aṣọ tí àwọn obìnrin sá sóòrùn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ yóò ti gbẹ, wọn yóò ti ká a wọlé, kó tó dé ibi tó ti ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n yà.

Àràárọ̀ ni èyí. Adéàgbo yóò wà lórí ọ̀pẹ, igbà nídìí, yóò máa wo orí gèlè àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí orin ti ń wá.

“Ìyá Wúrà, ṣé o ń gbọ́ nǹkan yẹn?” ló bi ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀.

“Mò ń gbọ́ ọ, Bàbá Wúrà. Ó dùn.”

“Mi ò bi ọ́ bóyá ó dùn.”

“Ṣé kí n wá ní kò dùn ni?”

Adéàgbo gbọn ewé kúrò lára, ó di ilé Baálẹ̀. Ìgbà kẹtàdínlógún rèé lọ́dún náà. Baálẹ̀ rí i lókèèrè, ó mí kanlẹ̀, ó gbé àgbàdo sísun tó ń jẹ sílẹ̀.

“Adéàgbo. Kí ni ọ̀pẹ tún ṣe?”

“Bàbá, ọ̀pẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọláifá ni. Igbó yẹn há jù fún àwa méjèèjì. Kó máa lọ sí ìlú ìyá rẹ̀.”

“Ìyàwó ẹ̀ ti lóyún oṣù mẹ́jọ.”

“Wọ́n ń bímọ níbẹ̀ náà.”

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Baálẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe Ọláifá wá, ó sì dá ẹjọ́ bí ẹni tó fẹ́ padà sídìí àgbàdo rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Ọláifá kò gbọdọ̀ ké lórí ọ̀pẹ kankan. Bí àwọn tó ń ra ẹmu bá yà sọ́dọ̀ Adéàgbo láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, igbó há lóòótọ́, kí Ọláifá dẹrù. Bí wọn ò bá yà, kí Adéàgbo má ṣe jẹ́ kí òun tún rí ojú rẹ̀ títí iṣu tuntun yóò fi jáde.

“Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ náà ni,” ni Ọláifá wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyẹn gan-an tún bí Adéàgbo nínú. Èèyàn burúkú ì bá ti jiyàn.

Ní ọjọ́ kìíní, Adéàgbo gun ọ̀pẹ, ó ké. Àwọn obìnrin dé etí igbó, wọ́n dúró, wọ́n na etí sílẹ̀, wọ́n yíjú padà sílé pẹ̀lú agbè òfìfo. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún igbe tirẹ̀, ó ki bàbá rẹ̀ díẹ̀. Ajá ẹnì kan ló wá.

Ohun tó wá burú jù ni pé igbó náà kò dákẹ́. Bí orin Ọláifá ṣe dúró ni Adéàgbo wá gbọ́ àwọn ẹ̀gà. Ọ̀pẹ gíga kan wà létí odò, ní ààlà apá tirẹ̀ àti apá àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gà pupa kọ́lé síbẹ̀, ẹ̀gà dúdú kọ́lé síbẹ̀, ìtẹ́ èyí ń fara gbún ìtẹ́ tọ̀hún. Wọ́n ti ya imọ̀ ọ̀pẹ náà ní ìyàkuyà, ó dà bí òòyà tí eyín rẹ̀ kán. Èyí pupa ń pariwo ṣàràṣàrà bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú igbá. Èyí dúdú ń fa tirẹ̀ gùn, ó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ni. Adéàgbo ní bí òun bá ń jẹun nílé, ariwo wọn ló ń bu òkèlè pẹ̀lú òun.

“Wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jà,” ló wí fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá pọnmi lọ́jọ́ karùn-ún. “Ìyà tó ń jẹ èmi náà ló ń jẹ wọ́n. Ọ̀pẹ kan ò gba irú méjì.”

Ìyá Wúrà sọ ìkòkò kalẹ̀. “Wọn ò jà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò wọ́n. Akọ ló kọ́ ìtẹ́ tó fi dorí kodò sábẹ́ ẹ̀ yẹn, tó ń ju apá, tó ń pe abo. Abo pupa ò dáhùn akọ dúdú rí. Olúkúlùkù mọ ohùn tirẹ̀.”

“Èwo ló wá kàn mí níbẹ̀?”

“Ẹmu yín kan, Bàbá Wúrà. Ti àgbà ni. Ti ọkọ mi kékeré dùn, ti abiyamọ ni. Àwọn bàbá mẹ́ta tó ń mu tiyín, ṣé wọ́n fi yín sílẹ̀ rí?”

“Arúgbó mẹ́ta. Ọ̀kan ti ń kú lọ nínú wọn.”

“Ẹ máa tà fún méjì.”

Inú bí Adéàgbo débi pé kò sùn. Bó bá ṣe pé ẹ̀gà pàápàá ló fẹ́ jẹ́rìí gbe Ọláifá, òun yóò yanjú ẹ̀gà. Ní ọjọ́ kẹfà, ó kó òkúta sí àpò, ó lọ sídìí ọ̀pẹ etí odò láti lé àwọn dúdú dànù, kí abúlé lè rí bí àwọn pupa yóò ṣe gbádùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa òkúta kún òkúta. Kò mọ̀ pé Ọláifá wà lókè ọ̀pẹ náà gan-an, láàárín ìtẹ́, tó ń gé imọ̀ ògbólógbòó kúrò, tó sì pa ẹnu mọ́ bí wọ́n ti ní kó pa á mọ́.

Imọ̀ já. Kò sí igbe kankan ṣáájú rẹ̀. Ìbú ọwọ́ kan ló fi tàsé orí Adéàgbo, ó bà á léjìká, èjìká yẹ̀, ọkùnrin náà sì nà gbọọrọ sílẹ̀. Ìtẹ́ ogójì ló wá pẹ̀lú imọ̀ náà. Ẹyin fọ́ sí i nírùngbọ̀n, fọ́ sí i létí, ó kù díẹ̀ kó fọ́ sí i lọ́fun.

Ọláifá sọ̀ kalẹ̀, omi ti dé ojú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí n má ké.”

Adéàgbo fẹ̀yìn lélẹ̀, ó kàn ń wo òkè. Gbogbo ẹ̀gà ọ̀pẹ náà ti fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, pupa ọ̀hún, dúdú ọ̀hún, wọ́n tó ẹgbàá, oòrùn fara pamọ́. Wọ́n ń yí, wọ́n ń kọjá lórí ara wọn, lábẹ́ ara wọn. Adéàgbo tẹjú mọ́ wọn gidigidi. Ó ń retí kí méjì péré kọlura, kí òun lè rí nǹkan gbé tọ Baálẹ̀ lọ. Ó retí títí ọrùn fi ń dùn ún. Apá kan kò kan apá kan.

Nígbà tí Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ dé ìdí ọ̀pẹ, Ìyá Wúrà ti ń fi omi nu ẹyin kúrò létí ọkọ rẹ̀.

“Ọjọ́ mẹ́sàn-án ò tíì pé, Adéàgbo. Igbó ṣì há bí?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa ké,” ni Adéàgbo wí, ohùn rẹ̀ rẹ̀ bí ti ẹni tó ru òkúta dé láti ọ̀nà jíjìn. Ó fi ọwọ́ tó kù tọ́ka sí òkè. “Kó ké. Kó ki gbogbo ìran ọ̀pẹ tó bá wù ú. Àyè tó wà lókè yẹn, ó tó gbogbo ẹ̀gà. Mo ti wò ó.”

Oṣù méjì ni èjìká náà gbà. Ọláifá ló ń gun ọ̀pẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń fi ẹmu sílẹ̀ kó kan dáadáa fún àwọn bàbá mẹ́ta. Ẹni tó ń kú lọ náà kò sì kú. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni lábúlé yẹn bá ní ibì kan há jù fún òun àti ẹnì kejì òun, àwọn àgbà kì í bá a jiyàn. Wọn yóò kàn ní kó gbójú sókè, wọn yóò sì pa á lówe fún un pé: ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra.