Àga Tí Ó Kọ Ẹ̀yìn Sí Ọ̀nà

Ọkùnrin kan wà tí ìkíni ti sú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya àwòrán ilé àti ọgbà fún ìjọba, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí ó ń gbé kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ènìyàn lè rẹ ènìyàn. Kí ó tó ti ẹnu ọ̀nà dé ìdí mọ́tò rẹ̀, wọ́n á ti kí i kú àárọ̀, wọ́n á kí i kú iṣẹ́ àná, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á tún béèrè ikọ́ tí ó yọ ọ́ lẹ́nu lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó máa ń sọ pé ikú tí yóò pa Yorùbá, ẹnu ìkíni ni yóò gbà wọlé. Àwọn tó gbọ́ a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò fi ṣe àwàdà.

Nígbà tí ìlú fún un ní ilẹ̀ ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń kó kòkó jọ láyé àtijọ́, pé kí ó fi ṣe ọgbà ìgbafẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun yóò ṣe ibi tí ènìyàn ti lè bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ó gbin igi, ó gbin òdòdó, ó gbẹ́ adágún omi sí àárín. Ó to àga yí omi náà ká, àga ẹnìkan ẹnìkan, ó sì fi igi kúkúrú dí àárín wọn kí ojú àwọn tó jókòó má ṣe pàdé. Lẹ́yìn èyí, ó la ọ̀nà gba ẹ̀yìn àwọn àga. Ẹni tí ó bá ń kọjá, ẹ̀yìn orí nìkan ni yóò rí. Ta sì ni yóò kí ẹ̀yìn orí? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà ti sọ pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ àṣà náà, ó sì fi mọ odi. Ìlú yìn ín. Ọgbà náà rẹwà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, obìnrin, òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ọkọ obìnrin yìí ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká sí ìdálẹ̀. Nígbà tó di pé kì í jẹun mọ́, tó ń jókòó sínú òkùnkùn ní ọ̀sán gangan, àbúrò rẹ̀ lọ mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí kò ní ìyá mìíràn láyé. Dókítà ní kò sí àrùn lára obìnrin náà, pé ìbànújẹ́ ló ń jẹ ẹ́ tán lọ, kí wọ́n máa mú un jáde sí ibi tí igi àti atẹ́gùn wà. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ó ní òun ti ṣe oògùn náà sílẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ń gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àga tó dára jù, lábẹ́ igi tó tutù jù, ni ó ń fi í sí. Nírọ̀lẹ́, á tún lọ gbé e. Obìnrin náà kò ráhùn. Ìgbà kan ṣoṣo ló bi í léèrè nínú mọ́tò.

"Àlàmú, ṣé àwọn ará ìlú yìí kì í kí ènìyàn ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìsinmi ni mo ṣe fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sinmi."

Kò béèrè mọ́. Àmọ́ oúnjẹ tó ti ń tọ́ wò, ó tún ń tì í sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ títí tó fi di pé orí nìkan ló ń mì bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ dé, kò bá a lórí àga. Ó wá a kiri. Ìdí géètì ló ti rí i, ní etí gọ́tà, nínú eruku, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn tó ń wọlé ń kí i kú ìjókòó. Ó ń dá wọn lóhùn, ó ń kí wọn kú ìrìn, ó ń bi ọmọdébìnrin kan léèrè ẹni tó di irun fún un. Ọkùnrin náà dúró. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Ká ní ó dúró díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yé e. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n ń bọ̀ lókèèrè, ìtìjú sì mú un pé wọn yóò rí ẹ̀gbọ́n òun ní etí gọ́tà bí alágbe. Ó fà á dìde, ó sì kìlọ̀ fún ẹ̀ṣọ́ géètì pé kó má ṣe jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà gbọ́ràn, nítorí ọ̀gá ló pàṣẹ.

Òjò ti ṣú lọ́jọ́ tí ó lọ gbé e kẹ́yìn. Ó rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ láti ọ̀nà, pẹ̀lú gèlè dúdú tó ń wé láti ìgbà ọ̀fọ̀. Ó pè é, kò dáhùn. Ó yí síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sí omi, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tutù. Ó ti kú láti ọ̀sán. Obìnrin tó ń gbá ọgbà náà sọ pé òun gbálẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀ léraléra, òun rò pé wọ́n ń sinmi ni, òun kò sì fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án yẹn. Kò sí ẹni burúkú nínú wọn.

Ọkùnrin náà lọ bẹ ìlú pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yí àwọn àga náà padà. Wọ́n bi í pé ọgbà tó rẹwà báyìí, kí ló ṣe é? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àga náà ṣì wà.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, má wulẹ̀ bínú sí i. Ohun tó ń wu òun ló fi tọ́jú ẹni tí ohun mìíràn ń pa. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ẹni tí aṣọ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ lè bọ́ díẹ̀ sílẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn, ìyẹn ò ní kó lọ bọ́ ti ẹni tí òtútù ń pa.

Ìyá tìrẹ ńkọ́? O kọ́ yàrá fún un lẹ́yìnkùlé, o fi fáànù sí i, o gbé àga rẹ̀ kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, o ní ariwo ojú ọ̀nà kò ní dé ibẹ̀. O ti sọ fún mi bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. O kò sọ ẹni tó kí i lónìí. Padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbé àga náà wá sí ẹnu ọ̀nà, kí o sì yí i sí ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá.