Ẹni Tó Jẹ Àgbáyun Kì Í Dájọ́ Ọsàn

Bí wọ́n bá bá adájọ́ àti olùpẹ̀jọ́ nídìí akèrègbè ẹmu kan náà, àwọn àgbà á ní, "Ẹni tó jẹ àgbáyun kì í dájọ́ ọsàn." Kí ló kan èso pupa inú igbó, tí kò tó orí ìka, nínú ọ̀rọ̀ ìdájọ́?

Ní abúlé Aláàsà, ilẹ̀ etídò kan wà tó jẹ́ ti gbogbo wọn. Lọ́dọọdún, ẹni tí ọsàn rẹ̀ bá dùn jù ni wọ́n ń fún ní ilẹ̀ náà dá oko. Baálẹ̀ Láníhùn ló ń tọ́ ọ wò, ó sì ń fi ahọ́n rẹ̀ yangàn bí ẹni tó fúnra rẹ̀ gbẹ́ ẹ. "Òṣùwọ̀n lahọ́n mi yìí," á ní. "Kò ṣìnà rí."

Ọdún mẹ́ta ni Àrìnpé, opó ọlọ́mọ mẹ́rin, ti ń borí. Kò sì ní ilẹ̀ mìíràn. Lọ́dún kẹrin, Àkàngbé, tí ọsàn rẹ̀ kan bí ọtí kíkan, gbé àgbáyun lọ kí Baálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje.

"Bàbá, ẹ fi fọ ahọ́n. Irú ahọ́n yín kì í lọ síbi iṣẹ́ láìwẹ̀."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó jẹ méje.

Lójú agbo, ọsàn Àkàngbé dà bí oyin lẹ́nu Baálẹ̀. "Ó tán! Àkàngbé ló ni ilẹ̀!"

Àrìnpé tajú kán rí èèpo pupa àgbáyun nínú irùngbọ̀n Baálẹ̀. Òun náà máa ń fún ọmọ rẹ̀ ní àgbáyun kó lè mu àgbo omi ògì kíkan. Ó wọlé, ó fún nǹkan sínú ife, ó padà wá kúnlẹ̀.

"Bàbá, ó ku ẹyọ kan."

Baálẹ̀ mu ún tán, ó lá ètè. "Háà! Ó fi ti Àkàngbé sílẹ̀ jìnnà! Ọsàn wo nìyí, Àrìnpé?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni, Bàbá. Èyí tá a fi ń fọ ìgbín."

Ẹ̀rín bú. Baálẹ̀ fi omi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àgbáyun lè kúrò, omi kò ràn án.

Àwọn onímọ̀ tó yẹ èròjà àgbáyun wò lẹ́yìn ìgbà náà ní kì í ṣe ṣúgà inú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ṣúgà ibẹ̀ kò tó nǹkan. Èròjà kan bí irú èyí tó wà nínú ẹyin àti ẹ̀wà ló ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Bí ohun kíkan bá kàn án, adùn ni. Bí nǹkan bá ṣe kan tó ló ń dùn tó. Ọsàn kò yí padà rárá. Ahọ́n ló yí.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí àgbáyun ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, Baálẹ̀ tún tọ́ ọsàn Àkàngbé wò. Ojú rẹ̀ hun jọ bí aṣọ tí wọ́n fún. Ó dá ilẹ̀ padà fún Àrìnpé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan gbé àkùkọ wá kí i láàárọ̀ ìdíje. Baálẹ̀ kò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

"Gbé e padà, ọmọ mi. Ẹni tó jẹ àgbáyun kì í dájọ́ ọsàn."