Ẹsẹ̀ Òsì Múfútàù

Bí a bá dé ìlú ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan là á fi rìn. Múfútàù gbọ́ òwe yìí dáadáa, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni ò gbọ́. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì nínú lọ́rí tó ń kó gẹdú.

Lọ́jọ́ tí Alhájà Sìkírátù fẹ́ gbà á síṣẹ́ dírẹ́bà, Alhájà bi í pé, "Ṣé o ti wa ọtomátíìkì tí ò ní kílọ́ọ̀ṣì rí?"

Múfútàù ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́. "Alhájà, ọkọ̀ lọkọ̀."

Alhájà ní kó wa òun wò. Wọ́n dé kọ́nà, ẹsẹ̀ òsì wá kílọ́ọ̀ṣì lọ, bíréèkì ló tẹ̀. Gèlè Alhájà fò bọ́ sílẹ̀. Ní kọ́nà kejì, ó tún fò.

Alhájà ní kó páàkì. Múfútàù mọ̀ pé iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

Alhájà ní, "Bọ́ bàtà òsì, kó o gbé e fún mi. Fa ẹsẹ̀ yẹn sábẹ́ àga. Tó bá fẹ́ jáde, ilẹ̀ tútù á rán ọ létí."

Gèlè ò mì títí wọ́n fi délé. Alhájà dá bàtà padà fún un.

"Lọ́la, tọ̀tún nìkan ni kó o wọ̀ wá."