Adé Mẹ́fà Lórí Ìlà Kan

Tinúadé Ọláwoyè kì í ṣe ẹni tó lè wo ojú àgbà kó sọ pé rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdọ̀fẹ́ ni láti máa tọ́jú àwọn ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀rọ̀ àti àwòrán láti ibì kan sí ibòmíràn. Iṣẹ́ náà sì fẹ́ ẹni tó lè sọ pé rárá ju bó ṣe fẹ́ ẹni tó kàwé lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti wọlé.

Orí òkè kan wà tó jìnnà sí Ìdọ̀fẹ́, Òkè-Àgbọ̀nrín ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀ kò ní dókítà. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ló ń gbẹ̀bí fún gbogbo ìlú. Bí ọ̀ràn bá le, Ìbídùn yóò tan kámẹ́rà, Dókítà Ajíbówó yóò sì máa wò ó láti Ìdọ̀fẹ́, yóò máa sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Ìlà kan ṣoṣo ló so ilé ìwòsàn méjèèjì pọ̀, ìlà náà sì tín-ín-rín. Bí ẹrù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti àwòrán tó ń gba ibẹ̀ kọjá, bá pọ̀ lórí rẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń há mọ́ra wọn bí èrò ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè.

Nítorí èyí ni Tinúadé ṣe kọ òfin sí ẹnu ọ̀nà tí ẹrù ń gbà jáde nínú ráútà Òkè-Àgbọ̀nrín. Ó pín ẹrù sí ìpele mẹ́ta, ó sì sọ wọ́n lórúkọ: Adé, Ìjòyè, Ará Ìlú. Ohùn àti àwòrán tí Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ń fi ránṣẹ́ sí Dókítà nìkan ló gba Adé. Bí Adé bá ń bọ̀, gbogbo ẹrù yòókù gbọ́dọ̀ yà fún un. Oṣù mẹ́rin ni òfin yìí fi ṣiṣẹ́ láìsí ìjàngbọ̀n. Móríyìíkẹ́, àbúrò Tinúadé, tó ń ṣe tíṣà lórí òkè náà, wà nínú oyún lásìkò yìí, ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì balẹ̀ pé lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, Dókítà yóò dà bí ẹni tó wà nínú yàrá.

Ọ̀gá Láṣebìkan, olórí ilé ìwòsàn, ló kọ́kọ́ wá. Ó ti gbé kámẹ́rà sí géètì Òkè-Àgbọ̀nrín, kó lè máa wo ẹni tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ láti orí àga rẹ̀.

“Tinúadé, ọmọ mi,” ló wí, “àwòrán mi ń dúró gbagidi. Ṣé èmi ọ̀gá pátápátá ni n óò máa tò sẹ́yìn nọ́ọ̀sì?”

“Ẹ má bínú, sà. Mo ti ń ṣe é.”

Ó fún un ní Adé. Lọ́jọ́ kejì, Màmá Oyèyẹmí tó ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn gbọ́. “Ìwọ ọmọ yìí, èmi àti ìyá rẹ la jọ kọrin nínú kúáyà o! Fáìlì mi láti orí òkè kì í tètè dé.” Òun náà gba Adé. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò wá, àwọn tó ń tọ́jú oògùn wá, àwọn tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun náà wá. Kò pẹ́, adé di mẹ́fà. Nígbàkigbà tí Tinúadé bá fún ẹnì kan, ó máa ń rántí bí ìlà náà ṣe tín-ín-rín tó, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àgbà pọ̀ lára rẹ̀ ju ìbẹ̀rù ìlà lọ. Ó ní bóyá gbogbo wọn ò ní kó ẹrù wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n kó o wá lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan. Òjò ti wó afárá ìsàlẹ̀ òkè láàárọ̀, ọkọ̀ kankan ò lè gòkè, kò sì lè sọ̀. Tinúadé wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tó gbọ́ igbe Dókítà Ajíbówó láti yàrá kejì.

“Ìbídùn! Ìbídùn, mi ò rí ọ mọ́!”

Ó sáré wọlé. Àwòrán ti dúró lójú ẹ̀rọ, ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Ìbídùn nínú ìbọ̀wọ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń já wá ní wẹ́wẹ́: “Dókítà... ó ti bí... ẹ̀jẹ̀ ò...” Lẹ́yìn ọwọ́ náà, lórí ìrọ̀rí, ojú Móríyìíkẹ́ ni Tinúadé rí.

 

“Bí mi ò bá rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, mi ò lè sọ ohun tó máa ṣe fún un,” Dókítà wí láìwẹ̀yìn. “Tinúadé, wá nǹkan ṣe sí i. Kíákíá!”

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó wo ìlà. Ìpele Adé kún dẹ́nu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrù ló sì ti dà nù. Ìpele Ìjòyè ṣófo, Ará Ìlú náà ṣófo. Géètì, fáìlì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn, ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ló dé adé, kò sì sí ẹni tó ń yà fún ẹnì kan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dé e fún wọn.

Ó ní láti ṣí adé márùn-ún kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù iṣẹ́ náà bà á. Orí ìlà kan náà ló máa gbà dé ọ̀dọ̀ ráútà náà. Bó bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ìlà lè kú pátápátá, kò sì sí ẹni tó lè jí i lórí òkè. Ó wá ṣe ohun tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe. Ó pàṣẹ fún ráútà pé bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé tí òun ò fagi lé e, kó pa ara rẹ̀, kó tún tan, kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Okùn tí wọ́n ń so mọ́dìí nìyẹn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga.

Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yọ ìkarùn-ún, ẹ̀rọ dákẹ́. Kò dáhùn.  Tinúadé ti gbà pé òun ti pa àbúrò òun.

Ìgbà náà ni ìlà dáhùn. Láti yàrá kejì, Dókítà kígbe pé, “Mo rí ọ báyìí! Tẹ ikùn yẹn mọ́lẹ̀, Ìbídùn, má gbọ́wọ́ kúrò!”

Kò tíì mí délẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ọ̀gá Láṣebìkan ló wọlé, ojú rẹ̀ le.

“Tinúadé, ta ló ní kí o pa géètì mi?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìkúnlẹ̀ kan ló...”

“Ṣé mo bi ọ́ ní ti ìkúnlẹ̀ ni? Dá a padà níṣojú mi!”

Ó kúnlẹ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ọ̀gá ń bá a wí, ó ń bẹ̀bẹ̀, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe ṣàdédé lọ sára aago ògiri. Ìṣẹ́jú kẹwàá ti ń lọ sópin! Okùn tó so mọ́dìí ló fẹ́ fà á sómi yìí. Bí ráútà bá pa ara rẹ̀ báyìí, òkùnkùn ló máa bo Dókítà, bó bá sì tún tan, adé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa bá a dé.

Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí àgbà nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

“Rárá, sà. Mi ò ní dá a padà.”

Ó tẹ àṣẹ tó máa fagi lé ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló kù nígbà tí ráútà gbà.

Ọ̀gá Láṣebìkan la ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ti yàrá kejì wá, ó mọ́ gaara bí ẹni wà nílé: “Ẹ̀jẹ̀ ti dá, Dókítà. Tíṣà ti lajú. Ó ní ṣé wọ́n ti sọ fún ẹ̀gbọ́n òun ní Ìdọ̀fẹ́.”

Tinúadé gbé orí lé tábìlì, ó sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá wò ó títí, ó wo ilẹ̀kùn yàrá Dókítà, ó rọra fa àga, ó sì jókòó tì í.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Màmá Oyèyẹmí wá béèrè Adé rẹ̀ padà. Tinúadé ò tíì lanu tí Ọ̀gá Láṣebìkan fi dá a lóhùn.

“Màmá, èmi náà ti ṣí tèmi. Ará Ìlú ni mí lórí ìlà yẹn.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdọ̀fẹ́ fi ń pa á lówe pé: bí gbogbo orí bá dé adé, ìlú ò lọ́ba.