Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Yèyé Ìbídùn ní Ìdí-Emi

Láti kékeré ni òjò ti ń bá Fátúyì ṣọ̀tá. Ní Òkè-Ìrì, nínú igbó Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí i sí, òjò kì í tètè dá, ara ògiri kì í sì í gbẹ. Ikọ́ fée ń yọ ọmọ náà lẹ́nu débi pé ìgbà mélòó kan ni wọ́n ti rò pé ó ti kú. Bó ṣe di géńdé báyìí, ó di ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí ilẹ̀ ọ̀dàn, kò dúró títí ó fi dé Ìdí-Emi, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, tí igi emi, tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, sì dúró káàkiri pápá. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ikọ́ fi í sílẹ̀. Fátúyì ní kò sí ilẹ̀ mìíràn tó yẹ ọmọ ènìyàn láyé mọ́. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ẹni tí ilẹ̀ kan bá gbà lọ́wọ́ ikú, kò sí bí kò ṣe ní í máa yìn ín.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó padà wá mú ìyá rẹ̀, Yèyé Ìbídùn. Obìnrin náà kò fẹ́ lọ.

Ó ní, “Fátúyì, ara mi kò mọ ibòmíràn. Bí ìrì kò bá sẹ̀ sí mi lára láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ilẹ̀ kò tíì mọ́.”

“Yèyé, ilé tó ń jò lẹ ń sùn sí. Ṣé kí aráyé máa wí pé mo jẹ, mo yó, mo sì fi ìyá mi sínú òjò ni?”

Yèyé dìde. Ó lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, ó wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó fi ewé tútù dì í.

Ó ní, “A ó jọ lọ. Bí èyí bá so lọ́hùn-ún, tó gbó, tó sì pọ́n, n kò ní í dárúkọ ilé mọ́. Bí ilẹ̀ yẹn bá kọ̀ ọ́, wàá dá mi padà, kí n lè kú síbi tí wọ́n ti bí mi.”

Fátúyì rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Emi, òjò ṣì ń rọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ta gbòǹgbò, Yèyé náà sì ń rìn káàkiri àgbàlá. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ètè Yèyé bẹ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀, ikọ́ gbígbẹ kan sì gbé e dè. Ìyá Olóòrí, àgbàlagbà tó ń ṣe òrí tà ní ilé kejì, ló ń bá a fi òrí pa ara lójoojúmọ́.

Obìnrin náà pe Fátúyì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Àwọn bàbá wa kan gbé emi lọ gbìn sínú igbó rí. Ó hù, ó tilẹ̀ ga, ṣùgbọ́n kò so títí ó fi wó. Igi kọ̀ọ̀kan ló mọ ààlà rẹ̀, ọmọ mi. Mú ìyá rẹ lọ sílé.”

“Ẹ jẹ́ kó mọ́ ọn lára ná, Màmá. Èmi náà jìyà díẹ̀ nígbà tí mo dé.”

Irọ́ ni. Kò jìyà kankan.

Ní ọdún kejì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà so. Àdéhùn wá di ohun tí Fátúyì ń ṣọ́. Ó ń lọ pọn omi ní odò jíjìn láti da sí ìdí rẹ̀, ó fi ẹní sé afẹ́fẹ́ fún un. Ẹni tó bá rí i á rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló bí i. Bí Yèyé bá ti dárúkọ Òkè-Ìrì, yóò ní kó wo ohun ọ̀gbìn rẹ̀ bó ṣe ń ṣe dáadáa.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, Yèyé kò sì dìde lórí ẹní mọ́. Agbára tí yóò fi wúkọ́ tán lára rẹ̀, ni Fátúyì bá ń yọ̀ pé ikọ́ ti lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọmọ rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n Fátúyì kò wo ìyẹn. Ó bẹ́ ẹ, ó gbé e kiri ilé aládùúgbò, wọ́n sì bá a yọ̀; kí ni ará ọ̀dàn mọ̀ nípa ọ̀gẹ̀dẹ̀? Lẹ́yìn náà ló gbé e wọlé tọ ìyá rẹ̀.

“Yèyé, ó so, ó gbó, ó pọ́n. Ibí ti di ilé yín.”

“Bó ọ̀kan fún mi.”

Èèpo rẹ̀ kò fẹ́ ṣí. Nígbà tó ya, inú ti dúdú, omi kíkan kan sì ṣàn sí Fátúyì lọ́wọ́.

Yèyé ní, “Èyí kò gbó rí. Òùngbẹ ló pa á, ó ti ń rà láti inú.”

Fátúyì wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó wo ojú rẹ̀ tó ti jìn wọnú. Ẹ̀rù bà á. “Yèyé, mo rò pé ohun tó yẹ mí ló yẹ yín.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ara tìrẹ kọ́ ni mo fi ń mí.”

Lọ́jọ́ náà ló gbé e sẹ́yìn, wọ́n gbọ̀nà. Kò wúwo rárá. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni Yèyé ń béèrè bóyá wọ́n ti dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù, ọmọ rẹ̀ á sì ní ó kù díẹ̀. Wọn kò tíì jáde ní ọ̀dàn tí kò fi béèrè mọ́. Fátúyì gbé òkú náà wọ igbó, òjò pa àwọn méjèèjì, ikọ́ fée sì tún gbé e.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn ẹbí bi í bóyá kò rí i pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ.

Ó ní, “Mo rí i. Orúkọ mìíràn ni mo ń pè é.”

Láti ìgbà náà, bí àgbà bá rí ẹni tó ń fi orúkọ rere pe ohun tó ń ṣègbé lójú rẹ̀, òwe tó máa ń pa fún un ni pé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ ní ó ń pọ́n.