Ohun Tó Mú Kí Ẹ̀gà Máa Pariwo Nídìí Iṣẹ́

Nígbà láéláé, kí ẹ̀gà tó di aláriwo, ẹyẹ jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ń hun ilé, kì í dún pínkín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń hun ilé láyé rẹ̀, torí pé ilé náà kì í bà jẹ́.

Bàbá Ẹ̀gà kì í ṣe ahun. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ló ń fi ọgbọ́n wọn pamọ́ sábẹ́ apá, ṣùgbọ́n òun gbé tirẹ̀ síta. Ó kó iṣẹ́ ilé híhun sínú gbólóhùn méje, ó ní kí ẹyẹ tó bá wù máa wá gbà á lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Wá ẹ̀ka tó nà sórí odò. Mú imọ̀ ọ̀pẹ. Ya á tẹ́ẹ́rẹ́. So ó mọ́ ẹ̀ka. Hun ún yípo. Kọjú ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Wọlé."

Gbogbo ẹyẹ ló ń yìn ín. Èmi náà ìbá yìn ín, ká ní ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí.

Lọ́dún kan, iná jó gbogbo ọ̀dàn. Ológoṣẹ́ wà lára àwọn tó sá àsálà. Inú koríko ọ̀dàn ló máa ń yé sí, iná náà sì ti gba koríko, ó gba ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹyin wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ yé, kò sì mọ ibi tí yóò yé e sí. Ó fò títí ó fi dé etí odò.

"Ẹ kúulé o, Bàbá," ló wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń kọ́ni ní ilé híhun."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Bà sílẹ̀, kí o gbọ́."

Bàbá Ẹ̀gà ka gbólóhùn méje náà. Ológoṣẹ́ ń kà á tẹ̀ lé e títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó wá ẹ̀ka tó nà sórí odò. Ó mú imọ̀ ọ̀pẹ. Èyí tó gbẹ ló mú, torí níbi tó ti wá, kò sí ẹyẹ tí í fi koríko tútù tẹ́ ibi tí yóò yé sí. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ohun tútù a máa ba ẹyin jẹ́. Ó ya imọ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ó mọ́ ẹ̀ka, ó sì ń gbọ́ bó ṣe ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó padà lọ.

"Bàbá, ẹ má bínú. Imọ̀ tí mo fi ń hunlé ń ṣẹ́, ìdè rẹ̀ ò sì fún."

Bàbá Ẹ̀gà ń jẹun lọ́wọ́, kò dìde lọ wò ó. "Ṣé o tẹ̀ lé ohun tí mo sọ?"

"Mo tẹ̀ lé e, Bàbá."

"Kí ló wá kù? Wo ilé tèmi lókè yẹn. Ọdún kẹsàn-án rèé, kò mì rí. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ, àìnísùúrù ló ń dà ọ́ láàmú."

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bàbá Ẹ̀gà mọ òwe yìí, ó kàn gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Ojú ti Ológoṣẹ́. Ó padà, ó hun ilé rẹ̀ parí, ó yé ẹyin mẹ́ta, ó sì sàba lé wọn títí wọ́n fi pa. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ọmọ náà kì í pa ẹnu dé, àfi bó bá sùn.

Òjò àkọ́rọ̀ dé, ìjì ló sì ṣáájú rẹ̀. Ológoṣẹ́ ń ti oko oúnjẹ bọ̀, kòkòrò wà lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó rí i tí ìdè já. Ilé náà bọ́ sódò, tòun tàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń fò yípo lórí omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Kòkòrò náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá Bàbá Ẹ̀gà. Kò ṣépè. Ó ka gbólóhùn méje náà fún un látòkè délẹ̀.

"Èwo ni mo fò níbẹ̀, Bàbá? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lè mọ̀ bóyá èmi ni mo pa ọmọ mi."

Bàbá Ẹ̀gà tún wọn kà. "O ò fo ìkankan. Àbí imọ̀ gbígbẹ lo lò? Ta ni ò mọ̀ pé imọ̀ tútù la fi ń hunlé? Bó bá gbẹ lórí ìdè ni ìdè ń fún."

"Èmi ò mọ̀, Bàbá. Ọ̀dàn ni mo ti wá. Mo sì bi yín."

Bàbá Ẹ̀gà yí ojú sí odò.

"Ó dáa," ni Ológoṣẹ́ wí. "Ẹ hun ún lójú mi. Ohun tí ẹ sọ nìkan ni kí ẹ ṣe."

Bàbá Ẹ̀gà bà sórí ẹ̀ka tó ṣófo. Ó na ẹnu sí imọ̀ tútù.

"Ẹ ò sọ ọ́," ni Ológoṣẹ́ wí.

Ó fi í sílẹ̀, ó mú gbígbẹ. Ó yí i ká ẹ̀ka lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ ki orí rẹ̀ bọ abẹ́.

"Ẹ ò sọ ọ́."

Ó tú u, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan péré. Ó fẹ́ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ìdè náà, kó fi dán an wò.

"Ìyẹn náà, Bàbá, ẹ ò sọ ọ́."

Atẹ́gùn kékeré kan fẹ́, ó gbé imọ̀ náà lọ. Bàbá Ẹ̀gà ń wò ó bó ṣe ń lọ lójú omi. Àgógó rẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí débi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbàgbé ìdajì rẹ̀, ìdajì yẹn ló sì gbé ọmọ mẹ́ta lọ. Ìtìjú bò ó, ìbànújẹ́ sì bò ó ju ìtìjú lọ.

Ó fò lọ sídìí ilé rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Baálé mi, kí lẹ ń wá?"

"Ohun tí mi ò sọ ni."

Nígbà tó tú u tán, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀ka òfìfo. Kò ṣe nǹkan kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi igbe sọ ọ́ jáde. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, gbólóhùn méje ti di mọ́kànlélógún.

"Ó ti pé báyìí, ọmọ mi. Wá gbà á."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Ológoṣẹ́ wí. "Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi." Ó fò lọ sínú ìlú.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń tú ilé rẹ̀, tó ń tún un hun látìbẹ̀rẹ̀, tó sì ń ké gbogbo bó ṣe ń ṣe é síta. Àwa tí a ò gbédè rẹ̀ ní ariwo ni. Ẹ̀gà ń ṣògbufọ̀, a ní ó ń pàtótó.

Láti ọjọ́ náà sì ni Ológoṣẹ́ ti ń gbé abẹ́ òrùlé wa, níbi tí ẹlòmíràn ti so ìdè. Láràárọ̀ ló ń gbọ́ ohùn ẹ̀gà láti etí odò, mọ́kànlélógún láìfo ìkankan. Ó gbọ́ ọ yékéyéké, kò sì sí àléébù kankan nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú odò.