Ògiri Tí Ládòkun Dá Mọ

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ nílé tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi itọ́ mọlé? Ní Ìdí-Ìyeyè, Ládòkun ni wọ́n pe ọkùnrin náà, wọ́n sì máa ń fi kún un pé kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àgbẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló mọ ilé tó ń gbé, inú yàrá ilé náà ni wọ́n sì sin bàbá náà sí. Ní ọdún tí bàbá kú, òjò àrọ̀kúrò la ògiri iwájú, ògiri náà sì fì sí ojú ọ̀nà. Baálé agbo ilé wá wò ó, ó pàṣẹ: bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé tí ògiri tuntun kò tíì dúró, òun yóò wó ilé náà, òun yóò sì fa ilẹ̀ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú ẹbí. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lábẹ́ ògiri yẹn.

Láyé ìgbà náà, ẹnì kan kì í dá ilé mọ. Àáró ni wọ́n ń ṣe: ẹgbẹ́ yóò wá bá ọ ṣiṣẹ́ lónìí, ìwọ náà yóò bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣiṣẹ́ nígbà tó bá kàn án. Iṣẹ́ ni wọ́n ń yá, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san án. Òfin kan sì wà níbẹ̀: ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ, méjì ni yóò fi dípò rẹ̀.

Òfin yìí ló mú Ládòkun. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó ké sí ẹgbẹ́ àáró àdúgbò Òkè-Ilé, wọ́n bá a kọ ebè. Nígbà tó yẹ kó san án, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kan di méjì. Ara rẹ̀ yá, ó lọ ń san án, koríko sì bo iṣu rẹ̀ nílé. Kí iṣu má baà kú, ó wọ àáró Ìsàlẹ̀-Odò, àwọn yẹn bá a ro oko. Ọjọ́ tí Ìsàlẹ̀-Odò ń retí rẹ̀ gan-an ni Òkè-Ilé náà ń retí rẹ̀. Ó jẹ́ ìpè ọ̀kan, ó pa ti èkejì jẹ. Nígbà tí kò rí ọ̀nà mọ́, ó lọ wọ ẹgbẹ́ kẹta ní abúlé kejì, níbi tí wọn kò tíì mọ ìwà rẹ̀. Gbèsè ló ń fi san gbèsè, gbogbo wọn sì ń bímọ.

Oyèníran, àgbà tó ń darí àáró Òkè-Ilé, wá a wá sílé. Ládòkun rí i lókèèrè, ó sá wọ inú àká.

“Wọn ò sí nílé, bàbá,” ni Ìbídùn, aya rẹ̀, wí. Ojú ń tì í bó ti ń sọ ọ́.

Oyèníran wo ilẹ̀kùn àká tó ṣì ń mì. “Eku ilé yín mà tóbi o. Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé n kò bá ìjà wá.”

Bàbá náà tún padà wá. Ládòkun tún wọ àká.

Lọ́jọ́ náà, ara Ìbídùn kò gbà á mọ́. “Bàbá Àìná, ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ẹ sọ gbogbo ọjọ́ tí ẹ jẹ. Èèyàn ni wọ́n, wọn ò ní pa yín jẹ.”

“Kí n lọ sọ fún Òkè-Ilé pé ọmọ bàbá mi ti di onígbèsè? Bàbá mi tí ẹnikẹ́ni kò ká gbèsè mọ́ lọ́wọ́ rí?”

“Bàbá yín ti sùn. Ilé tí wọ́n sùn sí là ń wá bí yóò ṣe kù sí wa lọ́wọ́.”

“Èmi nìkan ni n ó mọ ọ́n,” ni Ládòkun fèsì.

Ó sì mọ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti fà. Erùpẹ̀ tí a fẹ́ fi mọlé ní láti mu omi yó. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ní láti tẹ̀ ẹ́, kí a bò ó kó rọ̀, kí a tún padà tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ẹnì kan kò tó o. Omi tí Ìbídùn ń fi orí rù kò tó o. Ládòkun po erùpẹ̀ gbígbẹ, ó ń to ipele lé ipele láìjẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ dénú. Níbi tí ojú ògiri bá ti ń sán, tí kò sì sí omi nílẹ̀, yóò tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ra ojú ibẹ̀ títí yóò fi dán bí ìkòkò tuntun.

Àdùfẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó agbo ilé, ń ti odò bọ̀, ó sì bá a lẹ́nu rẹ̀.

“Ọkọ mi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o! Àbí itọ́ lẹ wá fi ń mọlé ni?”

Ládòkun rẹ́rìn-ín. “Itọ́ ọkọ rẹ sàn ju omi odò lọ. Ṣé o rí bó ṣe ń dán?”

“Mo rí i. Ó dán ju iwájú orí yín lọ. Kí ìrì má ṣáà gbọ́!”

Baálé wá, ó rí ògiri tó ń dán, ó mi orí pé ó dára. Òrùlé ló kù, ó ní. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ládòkun sùn bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ìrì sẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó pọ̀ débi pé igbá tí wọ́n gbàgbé síta ní omi nínú. Bí àwọn obìnrin ṣe ń gbálẹ̀ àárọ̀, ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Kò dún gbàmù. Ó kàn ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi fa òpó àti apá kan ògiri àtijọ́ lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ń ṣú.

Nígbà tí Oyèníran dé, Ládòkun dúró láàárín òkìtì erùpẹ̀, kò sì sá. Bàbá náà mú ògúlùtu kan nínú rẹ̀, ó fún un mọ́wọ́; eruku ló dà.

“Ládòkun, kí ló dé tí o kò jẹ́ kí n rí ọ?”

“Ojú ló tì mí, bàbá. Gbèsè yín ti wọ̀ mí lọ́rùn.”

“Gbèsè wo? Kò sí ilé tí a mọ ní Òkè-Ilé tí bàbá rẹ kò bá wa tẹ amọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fún wa tí kò gbà padà kó tó lọ. Ohun tí mo bá wá nìyẹn: kí a fi tirẹ̀ pa tìrẹ rẹ́, kí gbogbo wa sì wá mọ ògiri yìí. Inú àká lo wà.”

Ìbídùn ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé lọ.

Àwọn ọkùnrin Òkè-Ilé gbé ọkọ́ dé lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ bá wọn lórí erùpẹ̀ tí wọn kò tíì pò tán. Ó dun baálé, síbẹ̀ kò yí àṣẹ rẹ̀ padà. Ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ládòkun. Ládòkun kó aya àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ahéré oko. Lọ́dọọdún, ó máa ń wá kí ẹni tó ń gbé ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò wo apá ibi tí bàbá náà sùn sí, kò sì ní wọlé. Bí àlejò bá bi Àdùfẹ́ pé kí ló wó ilé ọkùnrin yìí, kì í rẹ́rìn-ín mọ́. “Itọ́ ló fi mọ ọ́n,” ni yóò wí. “Ìrì ló wó o.”

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó fi ohun tí kò lè dúró gbé nǹkan ró, tó sì ń ra ojú rẹ̀ kó máa dán. Wọ́n ń pa á lónìí fún ẹni tó ń yá owó báǹkì kan san ti èkejì kí ilé má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kì í sì í gbé fóònù rẹ̀ bó bá ń dún. Wọn kì í sì í pa á láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pa á nígbà tí erùpẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, tí òjò kò tíì dé: kí olúwarẹ̀ jáde nínú àká, kó lọ gbọ́ ohun tí àlejò bá wá. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.